Àkísà Àgbà: Ìtàn Àpò Ọjà, láti Ayé Ewé dé Ayé Òkírìkà

(Ọ̀rọ̀ alẹ́ Sọ́ńdè. Ohùn márùn-ún ni admin fi ránṣẹ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé e, àti fún ẹ̀yin tí ẹ wà lójú ọjà nígbà tó wọlé.)

Ohùn kìíní

  Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi sítíkà ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán ná, ìbéèrè á wà lẹ́yìn.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: kí ọ̀rá tó dé, kí ni àwọn ìyá wa fi ń gbé ọjà délé? Mo bi í nítorí awuyewuye tó wáyé lórí gúrúùpù yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, nípa àpò ọjà tí wọ́n fi aṣọ ogbó rán. Àwọn kan ní ó dára. Àwọn kan ní iṣẹ́ ẹni tí ìyà ń jẹ ni, pé ẹni tó kúrò nílé wá sí ìdálẹ̀ láti wá owó, kò yẹ kí ojúlùmọ̀ bá a níbi tó ti ń ṣa àkísà jọ. Mo gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé a kò tíì wo ìtàn kí a tó dájọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ojú ayé, èèyàn á jẹ́ kí iṣẹ́ tó lè bọ́ ilé rẹ̀ kọjá lọ, ẹni tí kò tijú á sì gbé e.

Ó dáa. Ní ayé àwọn ìyá ìyá wa, ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ló ń mú ohun tí yóò gbà á sí lọ sọ́jà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ni òpó ọ̀rọ̀ mi lónìí. Tí o bá fẹ́ ra epo, o mú ìgò tàbí kèǹgbè lọ. Tí o bá fẹ́ ra ẹ̀wà, o mú igbá lọ. Ẹni tó ń ra nǹkan púpọ̀ gbé agbọ̀n. Ohun tí a jinná, bí ẹ̀kọ tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀, inú ewé ló wà, ewé eéran tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tí o bá jẹ ẹ́ tán, o ju ewé nù, ewúrẹ́ jẹ ẹ́, tàbí kí ó rà mọ́lẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń pè é ní ìdọ̀tí ìlú.

Àpò náà wà o. Àwọn ọkùnrin ń gbé làbà kọ́ èjìká, awọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Àpò owó ẹyọ sì wà. Ṣebí ẹ mọ ọ̀kẹ́? Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá owó ẹyọ, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ yẹn, àpò ni. Àwọn baba wa fi àpò ka owó débi pé orúkọ àpò di orúkọ iye. Kò sì tán síbẹ̀. Títí di òní, àwọn àgbà ọlọ́jà ṣì ń pe igba náírà ní àpò kan. Ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ni àpò kan láyé pọ́ùn. Nígbà tí náírà dé ní oṣù kìíní ọdún 1973, pọ́ùn kan di náírà méjì, ọgọ́rùn-ún pọ́ùn sì di ₦200. Nítorí náà, ìyá tó ń ná ọjà tó ní "àpò márùn-ún", ₦1,000 ló ń wí. Lẹ́nu wa, àpò kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Owó ni.

Àkísà ńkọ́? Ẹ ronú sí òṣùká. Aláàárù tó bá fẹ́ ru ẹrù wúwo, kí ló ń ká sórí? Aṣọ ogbó. Ìyá tó ru agbọ̀n iṣu láti oko dé ọjà, aṣọ ogbó ló wà láàárín orí rẹ̀ àti ẹrù. Láti ìgbà tí ọjà ti wà ni àkísà ti wà lábẹ́ ọjà. Ẹ wo aṣọ eégún náà, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ẹ má bínú, ìtàn ni mo ń sọ. Abala aṣọ lórí abala aṣọ ni, ìdílé á máa fi tuntun kún un lọ́dọọdún, ti àtijọ́ á sì wà nísàlẹ̀. Wọn kì í ju ti àtijọ́ nù. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹ tún un gbọ́ o. Wọn kò fi àkísà bú àgbà níbẹ̀. Ọrọ̀ ni wọ́n kà á sí, ẹ̀rí pé èèyàn ti pẹ́ láyé, ó ti rà, ó ti lò, ó sì ti tọ́jú.

Ohùn kejì

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Ní 1911 ni ojú irin dé Kano. Òun ló kó púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa tó wá tajà lókè níbí, òun ló sì sọ Sábọ̀n Gàrí di ohun tó dì. Ẹrù tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí irin yẹn, inú kí ló wà? Obì gbàǹja tó ń ti apá Agége àti Ṣàgámù bọ̀, inú agbọ̀n ló wà, ewé ni wọ́n fi bò ó kí ó má baà gbẹ. Ẹ̀pà tó ń ti Kano lọ sí Èkó, inú àpò ìdọ̀họ ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí fọ́tò òkè ẹ̀pà Kano, èyí tí wọ́n tò bí òkè onígun, ohun tí ẹ ń wò níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀pà. Àpò ni ẹ ń wò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpò lórí ara wọn. Okùn tí wọ́n fi ń hun irú àpò bẹ́ẹ̀, Bengal ní ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́ ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá.

Àpò wọ̀nyẹn kì í kú lẹ́ẹ̀kan. Tó bá gbé ẹ̀pà tán, á gbé àgbàdo. Tó bá ya, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ńlá gán an. Tí kò bá ṣe é gán mọ́, á di ohun tí a fi ń nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1930 tí owó wọ́n gan-an níbẹ̀, àwọn ìyàwó àgbẹ̀ ń fi àpò ìyẹ̀fun rán aṣọ fún ọmọ wọn. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òdòdó sára àpò kí àwọn ìyá lè máa ra tiwọn. Ẹ ò rí nǹkan? Níbẹ̀, àpò ló di aṣọ. Ohun tí à ń sọ lónìí ni kí aṣọ di àpò. Ọ̀nà kan náà ni, ibi tí a ti wọ̀ ọ́ ló yàtọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ní 1813, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Law ní ìlú Batley rí ọ̀nà láti lọ àkísà onírun àgùntàn, kí ó pò ó mọ́ tuntun, kí ó sì fi hun aṣọ. Iṣẹ́ yẹn gbé odindi ìlú ró. Àkísà ni o. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì wá le, láti oṣù kẹfà ọdún 1941, ìjọba wọn ń fi káàdì wọn aṣọ fún àwọn ará ìlú. Ní 1943 ìjọba náà tẹ ìwé kékeré tó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọn yóò ṣe tú aṣọ ogbó palẹ̀ tí wọn yóò sì fi rán òmíràn. Àwọn tó ń ṣe gómìnà lé wa lórí nígbà náà, ìyàwó wọn nílé ń lẹ aṣọ. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní alágbe.

Ohùn kẹta

Ibi tó kan àwa ará ìdálẹ̀ gan-an nìyí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana lábẹ́ Busia pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ta ni ó bá jù? Àwọn èèyàn wa. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ìnísà, Èjìgbò, Ṣakí, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn mìíràn bí ọmọ síbẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá ká ni wọ́n dì. Tí ilé yín bá wà ní apá ibẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà. Wọ́n á sọ fún yín irú aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n fi di ẹrù. Ìró di àpò lọ́jọ́ náà. Aṣọ ìbora di àpò.

Ó di oṣù kìíní ọdún 1983, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìjọba Shagari níbí náà ní kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ará Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn náà ra ohun tó wà nílẹ̀ tó rọ̀jọ̀ tó sì lè gba ẹrù: àpò onílà alápòótí yẹn, aláwọ̀ búlúù àti pupa lórí funfun. Láti ìgbà náà ni gbogbo wa ti ń pè é ní Ghana-must-go. Ẹ wò ó, àpò yẹn kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ike tí wọ́n fà bí okùn tí wọ́n sì hun ni. Ṣùgbọ́n ó gbé orúkọ ìlékúrò títí dòní. Ní ilẹ̀ Jámánì, orúkọ àwọn ará Tọ́kì tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú àpò kan náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí àpò yẹn dé, orúkọ àlejò ni wọ́n fi ń pè é.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ èyí? Nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ṣì ní Ghana-must-go méjì tàbí mẹ́ta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n a mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Tí ìlú bá dàrú, òun la máa kọ́kọ́ fà. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ṣùgbọ́n àpò méjì ló wà nílé àwa ará ìdálẹ̀: àpò tí a tọ́jú de ọjọ́ ìsá, àti àpò tí a fi ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń rán àpò tí aládùúgbò rẹ̀, Hausa, Igbo, Birom, ẹnikẹ́ni, fi ń gbé tòmátò délé, ó ti wọ inú ayé ìlú náà. Kì í ṣe ẹni tó kàn dúró de ọkọ̀ mọ́.

Ohùn kẹrin

Ó kan ọ̀rá báyìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rí ike tí wọ́n fi ń ṣe é, ní 1933, àwọn onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ ICI ni wọ́n ṣèèṣì rí i níbi tí wọ́n ti ń dán nǹkan mìíràn wò. Àpò ọ̀rá ọlọ́wọ́ méjì tí gbogbo wa mọ̀ yìí, ọmọ ilẹ̀ Sweden kan ló ṣe é, Sten Gustaf Thulin, fún ilé-iṣẹ́ Celloplast. Ní 1965 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu: ọmọ rẹ̀ sọ fún oníròyìn pé baba òun a máa ká ọ̀rá kan sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, kí ó lè tún un lò. Ọkùnrin tó ṣe ọ̀rá kò ní in lọ́kàn pé kí a lò ó lẹ́ẹ̀kan kí a sì jù ú nù. Àwa la sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ló wọlé tọ̀ wá. Kí ó tó dé, ìwé ìròyìn ni oníàkàrà fi ń pọ́n àkàrà, bébà sìmẹ́ǹtì ni ẹlẹ́ran fi ń di ẹran. Nígbà tí ọ̀rá dé, ó rọrùn, kò jò, kò wúwo, kò sì wọ́n. Mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun kan ló yí padà tí a kò kíyè sí: ẹrù kí a wá ohun tí a ó gbà ọjà sí kúrò lórí oníbàárà, ó bọ́ sórí ọlọ́jà. Àwa la wá ń ra ọ̀rá fún wọn. Ẹ lọ wo ìwé owó yín, ẹ ka iye tí ẹ fi ń ra ọ̀rá lóṣù kan. Owó yẹn, inú èrè ló ti ń jáde.

Lákòókò kan náà, aṣọ ogbó ń wọlé. Ẹ mọ òkírìkà. Ìlú Okrika ní ìpínlẹ̀ Rivers ló fún un lórúkọ, nítorí apá etí omi ibẹ̀ ni aṣọ náà ti ń wọlé. Ní Hausa wọ́n ń pè é ní gwanjo, bí àwa náà ṣe ní gbàǹjo. Ní Ghana, wọ́n ní aṣọ òyìnbó tó ti kú. Nílé lọ́hùn-ún, wọ́n ń pè é ní bọ́síkọ́nà. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: bọ́ sí kọ́nà. Ẹni tó fẹ́ rà á ń wọ kọ̀rọ̀ kí ojúlùmọ̀ má baà rí i. Ìtìjú wà nínú orúkọ náà. Lẹ́yìn 1986 tí SAP ìjọba Babangida dé, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ìtìjú tán. Olùkọ́ ń rà á, òṣìṣẹ́ báńkì ń rà á. Ìjọba fi òfin dè é láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ó ń gba Kùtọnu wọlé, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà Missebo mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí ló pàdánù níbẹ̀? Kàdúná ni. Ní 1957 ni ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òwú ilẹ̀ wa ni wọ́n ń hun. Àwọn míì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ará wa ló wá sí Kàdúná nítorí iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Iná tí kò dúró, epo tó wọ́n, aṣọ tó ń wọlé láti òkèèrè, tuntun àti ògbólógbòó, gbogbo rẹ̀ para pọ̀. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ UNTL tó tóbi jù níbẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ lọ sílé. Wọ́n ṣí i padà ní 2010, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà. Nítorí náà, bí a bá ń sọ pé kí a fi aṣọ ogbó ṣe nǹkan, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé aṣọ náà ní ìtàn. Ó wá nítorí pé a kò lè hun tiwa mọ́.

Ayé wá sú ọ̀rá. Bangladesh ló ṣáájú, ní 2002, lẹ́yìn ìkún omi 1988 àti 1998, nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀rá dí gọ́tà. Rwanda tẹ̀ lé e ní 2008. Kenya ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin lè wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe é. Bẹ̀nẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣe òfin tirẹ̀ ní ìparí ọdún 2017. Èkó fòfin de ike oúnjẹ funfun ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì fi àwọn ike àlòjùnù mìíràn kún un láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà láti Èkó, ẹ ti rí i. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ odò ni. Yóò gòkè wá síbí.

Ohùn karùn-ún

Mo ti fẹ́ parí. Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa, ẹ̀yin tó ń ronú àtiṣe iṣẹ́ náà?

Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo àpò aṣọ ló sàn ju ọ̀rá lọ. Ní 2011, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní àpò òwú tuntun gbọ́dọ̀ lọ sọ́jà tó ìgbà 131 kí ìpalára rẹ̀ fún ojú ọjọ́ tó wálẹ̀ ju ti ọ̀rá tí a lò lẹ́ẹ̀kan lọ. Ìdí ni pé omi, oògùn, iná àti mọ́tò ni wọ́n ti ná sórí òwú tuntun. Ṣùgbọ́n aṣọ ogbó ti jẹ gbèsè yẹn tán nígbà tó wà lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra aṣọ tuntun láti fi rán àpò, ẹ ti pàdánù ohun tó sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́. Bí àpò yín bá sì já lóṣù kan, ẹ ti sọ ọ́ di ọ̀rá mìíràn.

Èkejì, ẹ má ra òkírìkà odindi bélì nítorí àpò. Owó á wọlé sí ibi tí kò yẹ. Àwọn tó ń ta gwanjo máa ń ní aṣọ tí kò tà, èyí tó ní ihò tàbí àbàwọ́n. Wọ́n á fẹ́ kó o kúrò ní pọ́ọ́kú. Aṣọ ilé wa náà wà: jíìnsì tó fún ọmọ, bẹ́ẹ̀díṣíìtì tó ya, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ tó ti wọlé sẹ́kọ́ńdìrì.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí aṣọ sọ ohun tó lè ṣe. Tíṣáàtì ló rọrùn jù: ẹ gé apá méjèèjì kúrò, ẹ gé ọrùn sílẹ̀ díẹ̀, ẹ yí i síta, ẹ rán ìsàlẹ̀ pa lẹ́ẹ̀mejì. Èjìká rẹ̀ ti di ọwọ́ àpò. Ẹni tí kò ní maṣíìnì lè fi ọwọ́ rán an. Ṣùgbọ́n ó máa ń fà, nítorí náà búrẹ́dì àti ẹ̀fọ́ ló wà fún, kì í ṣe iṣu. Jíìnsì ni ti iṣu àti ìrẹsì, ẹ lo abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 tàbí 18, abẹ́rẹ́ kékeré á ṣẹ́. Ànkárá lẹ́wà, ẹ fi bẹ́ẹ̀díṣíìtì ogbó tẹ́ inú rẹ̀. Léèsì àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi wọ́n ṣe àpò ẹ̀bùn. Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ gbogbo rẹ̀, ẹ sá a sínú oòrùn, ẹ lọ̀ ọ́. Ibi tí ọwọ́ àpò ti so mọ́ ara ni gbogbo àpò ti ń kú. Ẹ rán onígun mẹ́rin síbẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà méjì kọjá láàárín rẹ̀ bí àgbélébùú. Kí ẹ tó tà á, ẹ di mọ́dù ìrẹsì mẹ́ta sínú rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ ìṣó mọ́jú. Tó bá dúró, ó yẹ fún ọjà.

Ẹ̀kẹrin, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ padà rántí òpó ọ̀rọ̀ mi: láyé àtijọ́, oníbàárà ló ń mú ohun ìgbẹ́rù wá. Àpò aṣọ kò lè bá ọ̀rá figẹ̀ wọngẹ̀ nípa owó lójú ọjà, ẹ má tan ara yín. Ẹni tó fẹ́ ra ata igba náírà kò ní í ra àpò lé e. Àwọn tó máa rà á ni àwọn tó ní ìdí: oníbúrẹ́dì tó fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ máa rìn ní àdúgbò, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó ń pín oúnjẹ, ọlọ́jà tó fẹ́ dín owó ọ̀rá kù, tó á sì máa yọ nǹkan díẹ̀ fún oníbàárà tó bá gbé àpò padà wá. Ẹ má sì gbàgbé ìnáwó wa. Ta ló mọ aṣọ ẹbí bíi Yorùbá? Kíkù tí télọ̀ ń gé dà nù lè di àpò tí wọ́n ń pín fún àlejò. Ìdílé tí ìyá wọn ti ṣaláìsí, tí ìró rẹ̀ kún àpótí tí wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe, lè rán an sí àpò kọ̀ọ̀kan fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ẹni tó bá gba irú àpò bẹ́ẹ̀ kò ní í jù ú nù. Àkísà àgbà nìyẹn.

Nípa owó, ẹ ṣírò òwú, abẹ́rẹ́, iná tàbí epo, ọkọ̀, àti wákàtí yín. Èèyàn máa ń gbàgbé wákàtí rẹ̀, pàápàá àwọn ìyá wa. Ẹ fi sí i. Bí iye tó bá jáde kò bá mú èrè wá, ẹ dín àpò kù, ẹ má dín owó iṣẹ́ yín kù.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹgbẹ́ ni pé kí a má fi owó àjọ bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun báyìí. Kí télọ̀ mẹ́ta nínú wa kọ́kọ́ rán àpò mẹ́wàá mẹ́wàá fún ọlọ́jà márùn-ún láàárín wa, kí a wo iye tó padà wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn oṣù kan. Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ó bá dára, a ó mọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Tí kò bá dára, ọgbọ̀n àkísà péré ló lọ. Ẹni tó bá ní aṣọ ogbó tó mọ́, kí ó kó o wá sí ìpàdé ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun àti ìsìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ó mọ́ o. Ẹ má kó aṣọ tí eku ti sùn sí wá fún wa.

Ó dáa, mo ti sọ tèmi. Ẹni tó bá ní ìbéèrè lè fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n kí ó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọjà á tà o. Ire.